Ikùn Baálé àti Ọ̀rọ̀ Inú Yàrá

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, nọ́ọ̀sì àfẹ̀yìntì tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà wa báyìí, bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá lọ́jọ́ náà, àti nítorí àwọn tó wá ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ parí.

  

Nígbà tí Ìyálọ́jà ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo rò pé ọ̀rọ̀ ibà ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn obìnrin máa ń wá bá mi sọ nídìí èlùbọ́, tí wọ́n á ti kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Wọ́n á ra kóńgò kan, wọ́n á san owó, wọn ò ní lọ. Wọ́n á wá ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, bàbá àwọn ọmọ mi ò wo ibi tí mo wà mọ́." Ọ̀rọ̀ inú yàrá ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gbogbo àwa táa wà níbí la lọ́kọ tàbí táa ti ní in rí, ẹni tí kò bá sì tíì kàn, ó lè kàn án lọ́la.

Mo fẹ́ kí a so ọ̀rọ̀ náà mọ́ nǹkan kan tí a ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í kà sí, ìyẹn ikùn. Ikùn tí baálé gbé síwájú. Nílẹ̀ wa, tí ọkùnrin bá ti pé àádọ́ta ọdún tí ikùn rẹ̀ ò yọ, àwọn ará ilé rẹ̀ á ní ìyàwó rẹ̀ ò tọ́jú rẹ̀. Tí ó bá yọ, a ó ní owó ti wà níbẹ̀, ara tù ú. Àwa ìyàwó gan-an á máa yangàn pé ọwọ́ wa ló bọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ikùn yẹn àti nǹkan ọmọkùnrin tó kọ̀ tí kò dìde, lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tèmi. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ baálé mi kí n tó wá. Wọ́n ní tí mo bá máa sọ ọ́, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ síléèwé, wọ́n á dúró nídìí bọ́ọ̀dù látàárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìntì tán, àga ni wọ́n jókòó lé, rédíò lọ́tùn-ún, ìwé ìròyìn lósì. Èmi ń dé látọjà ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kí n tó ro àmàlà tán, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ti lù. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń jẹun, aago mẹ́wàá wọ́n ti ń hanrun. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì. Ikùn yọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ògiri.

Mo ní ó parí, wọ́n ti ní ẹlòmíràn níta. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. Mi ò rí fọ́tò, mi ò rí nọ́ńbà obìnrin kankan. Oògùn ni mo rí nínú àpò agbádá, hóró mẹ́ta tí wọ́n fi bébà wé, kò lórúkọ lára. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 31 rèé o! Ẹnì kan lè ní àlè ni wọ́n ń lò ó fún. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e síwájú wọn, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ ni? Ara ló kọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àlè lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e la lọ sọ́sìbítù. Dókítà tó rí wa kò tó ọmọ wa àkọ́bí lọ́jọ́ orí. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀ yàrá. Téèpù ló mú, irú èyí tí télọ̀ ń lò, ó fi wé ikùn baálé mi. Íǹṣì 43. Baálé mi bá a jiyàn, wọ́n ní íǹṣì 38 ni ṣòkòtò àwọn. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, abẹ́ ikùn lẹ ti ń di bẹ́líìtì." Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó jẹ́ 170 lórí 105. Ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, ìyẹn náà ti kọjá ibi tó yẹ kó wà. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀ nínú méjèèjì. Ká ní ọ̀rọ̀ yàrá kò gbé wa lọ síbẹ̀ ni, bóyá rọpárọsẹ̀ ni ì bá sọ ọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kò sí egungun níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Kí ọkùnrin tó lè ṣe ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré wọ ibẹ̀, kó kún un, kó sì dúró síbẹ̀. Tí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dí tàbí tó ti le gan-an, ìfẹ́ lè wà lọ́kàn, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráàyè kọjá.

Ẹ wo bọ́hóòlù táa jọ ń lò lọ́jà yìí. Páìpù tó gbé omi bọ̀ látinú táǹkì fẹ̀. Èyí tó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tín-ín-rín. Tí ìdọ̀tí bá bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra nínú páìpù, èwo ló máa kọ́kọ́ dí? Àwọn ẹlẹ́ja lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ariwo wọn. Bó ṣe rí lára ọkùnrin náà nìyẹn. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí nǹkan ọmọkùnrin kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ ní fífẹ̀. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 4. Ìdọ̀tí kan náà ló ń bá méjèèjì jà, ṣùgbọ́n èyí tó kéré ló ń kọ́kọ́ pariwo. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé láàárín ìgbà tí nǹkan ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ àti ìgbà tí àrùn ọkàn máa yọjú, ó sábà máa ń tó ọdún méjì sí márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọdún méjì sí márùn-ún. Àyè wà níbẹ̀ láti ṣe nǹkan. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ kọ̀ níbùsùn lónìí, ara ń sọ nǹkan fún un ni. Àwa ńkọ́? À ń pè é ní àgbèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń sọ pé ọjọ́ orí ni, ó ti dàgbà, kí la fẹ́ ṣe sí i, ẹ gbọ́ èyí. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí lórí ọkùnrin 1,290, láti ẹni ọdún 40 sí ẹni ọdún 70. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1994. 52 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìṣòro yìí, kékeré tàbí ńlá. Nítorí náà baálé tiyín kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ìtìjú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì: 48 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní in rárá. Lóòótọ́ ó ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè, àmọ́ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn tó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ni ó mú jù.

Ọ̀rá inú ikùn wá ńkọ́? A rò pé ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí ni. Kò jókòó lásán o, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ara ọkùnrin ń ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní testosterone. Òun ló ń mú irùngbọ̀n hù, òun ló ń mú kí ohùn wọn ki, òun ló sì ń mú ọkàn wọn fà sí obìnrin. Láti bí ọdún 40 lọ, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ìyẹn kò burú, Ọlọ́run ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá máa ń mú testosterone yìí, á sọ ọ́ di irú èyí tó wà lára àwa obìnrin. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe máa sọ ọ́ dà tó. Ẹ ti rí ọkùnrin tó sanra tí àyà rẹ̀ wá dà bí ọmú, àbí? Ara ohun tó ń fà á nìyẹn. Tí testosterone bá sì ti dín, ọ̀rá á tún rí àyè pọ̀ sí i, ẹran ara á máa jò, ó ń rẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ rìn, ó jókòó, ikùn tún yọ sí i. Ó wá di pé wọ́n ń lé ara wọn yípo.

Ìhanrun náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó sanra, tó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta, tí èémí rẹ̀ á dúró díẹ̀ kó tó tún fà á, ìyẹn kì í ṣe oorun àsùngbádùn. Oorun tó dáa ni ara fi ń ṣe testosterone. Tí ẹ bá gbọ́ irú ìhanrun yẹn, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má kàn gbé ìrọ̀rí yín lọ sí yàrá àwọn ọmọ.

Báwo la ṣe máa mọ ikùn tó ti di ewu? Téèpù náà ni. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ̀yin ẹ ní in lọ́wọ́. Kó dúró, kó mí síta, kó má fa ikùn wọlé o, wọ́n máa ń fà á! Ẹ wọ̀n ọ́n láàárín ibi tí egungun ìhà parí sí àti egungun ìbàdí. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé tí ọkùnrin bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, ìyẹn íǹṣì 37, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra. Tó bá kọjá 102, ìyẹn íǹṣì 40, ewu ti pọ̀ gan-an. Ẹ má fi nọ́ńbà ṣòkòtò ṣe é, ẹ ti gbọ́ ti baálé mi.

Ó wá ku ibi tí mo mọ̀ pé mo máa fi ṣẹ ẹlòmíràn nínú wa. Ẹ dárí jì mí. Oògùn tí à ń tà.

Ẹ̀yin ẹlẹ́wé ọmọ wa, mi ò bá yín jà. Àwọn baba wa lo ewé, èmi náà mu àgbo nígbà tí mo bímọ. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí hóró tí kò lórúkọ, ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, àti páràgà tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tí wọ́n ń pariwo pé ó máa dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ojúlówó oògùn wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Sildenafil ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n tà lórúkọ Viagra, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lóṣù kẹta ọdún 1998. Ìtàn rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín: oògùn àyà dídùn ni àwọn tó ṣe é ń wá, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi dán an wò ló wá sọ ohun mìíràn tí àwọn rí. Oògùn tó dáa ni lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń lo irú oògùn ọkàn kan tí wọ́n ń pè ní nitrate bá gbé e mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó ṣubú, kó má dìde mọ́. Àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti yẹ ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà bí ewé àti egbò fún agbára ọkùnrin wò, wọ́n sì bá sildenafil nínú wọn láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Ẹni tó rà á rò pé ewé lòun ń jẹ. Kò mọ ìwọ̀n, kò mọ ohun tó bá a pàdé nínú ara òun.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bà mí nínú jẹ́ nídìí hóró wọ̀nyí. Tí ó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti pa ariwo àwọn ẹlẹ́ja lẹ́nu mọ́, páìpù ṣì ń dí lọ. Ọkùnrin náà á rò pé ara òun ti yá. Kò ní lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n á ní nǹkan dídùn ló pọ̀ jù lára rẹ̀, kó lọ mu àgbo jẹ̀dí kó yàgbẹ́. Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín: àwọn àgbà wa tó ní kí ọkùnrin ṣọ́ra fún nǹkan dídùn kò ṣìnà pátápátá. Mínírà lọ́sàn-án, bíà lálẹ́, búrẹ́dì aládùn láàárọ̀, ìyẹn ló ń di ikùn. Tí ṣúgà bá sì wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́, ó ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ náà jẹ́. Àmọ́ ọ̀rá tó so mọ́ inú ikùn kì í bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ lè yàgbẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí n tó gbàgbé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn kan nínú rẹ̀ lè dín agbára ọkùnrin kù lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ baálé ló ń fi í sílẹ̀ níkọ̀kọ̀ nítorí èyí, wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí irú wọn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á gbé wọn wọlé, ẹnu á ti wọ́, apá kan ò ní gbé mọ́. Tó bá fura sí oògùn rẹ̀, kó sọ fún dókítà, oríṣi mìíràn wà tí wọ́n lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Kí la wá lè ṣe? Ní ìlú Naples ní Ítálì, wọ́n kó ọkùnrin 110 jọ, ẹni ọdún 35 sí 55. Gbogbo wọn ló sanra, gbogbo wọn ló ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n pín wọn sí méjì. Wọ́n kọ́ àwọn 55 bí wọ́n ṣe máa dín oúnjẹ kù àti bí wọ́n ṣe máa rìn, wọ́n sì dúró tì wọ́n. Ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n fún àwọn 55 yòókù. Lẹ́yìn ọdún méjì, 17 nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ti padà bọ̀ sípò. Nínú àwọn yòókù, 3 péré ni. Ọdún 2004 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ẹ wò ó dáadáa, 17 nínú 55 kì í ṣe gbogbo wọn. Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò sí ẹni tí kò ní yá. Ṣùgbọ́n àwọn 17 yẹn ò lo hóró kan, oúnjẹ àti ẹsẹ̀ ni.

Oúnjẹ yẹn, ọwọ́ ta ló wà? Èlùbọ́ ni mo ń tà, mi ò ní sọ pé kí ẹ má jẹ àmàlà, kí n má baà fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ohun tí mo ṣe nílé ni pé mo yí aago padà. Mo ń se ọbẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ tó bá wà nílé á ro òkèlè kan, kékeré, ní aago mẹ́fà, ewédú pọ̀, ẹja wà, epo ò léfòó. Tí kò bá sí ọmọ nílé, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín ni mo máa fi sínú kúlà. Èmi tí mo dé ní mẹ́jọ, tèmi nìkan ni mo ń wá. Oṣù àkọ́kọ́, wọ́n bínú. Wọ́n ní ṣé ìyà ni mo fi ń jẹ wọ́n ni, ṣé ọjà ni mo fẹ́ báyìí. Ó ní ọjọ́ kan tí wọ́n lọ jẹun ní búkà, mo gbọ́, mi ò sọ nǹkan kan. Mínírà kò wọlé mọ́. Bíà, ọjọ́ òde nìkan.

Ìrìn ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ò lè sáré bí ọmọdé. Mo ní ta ló ní kí ẹ sáré? Mo ní kí wọ́n máa bá mi gbé ẹrù dé ọjà láàárọ̀, kí wọ́n padà fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ kan ló kéré jù, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń rí bàbá kan tó ń ru àpò èlùbọ́ kékeré láàárọ̀ tẹ́ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń fi ọkọ mi ṣe alábàárù, ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀ báyìí.

Íǹṣì 43 ti di 39 lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù mélòó kan. Kò tíì dé ibi tí dókítà fẹ́. Wọ́n ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti yàrá, mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ ju èyí lọ: wọn kì í kọjú sí ògiri mọ́.

Ìyá kan bi mí léèrè ṣáájú ìpàdé yìí, wọ́n ní báwo lòun ṣe máa gbé e kalẹ̀ níwájú ọkùnrin tó le, tí kò ní fẹ́ gbọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má sọ ọ́ lójú ọmọ, ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ ìjà, kí ọ̀rọ̀ akúra má sì ti ẹnu yín jáde láé, nítorí ọkùnrin kì í gbàgbé rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò." Ẹ ní wa, ẹ má ní yín. Ẹ̀yin náà ẹ yẹ tiyín wò níbẹ̀, ikùn tàwa náà kò kéré. Tó bá ti jókòó níwájú dókítà, kí dókítà béèrè èyí tó kù. Ẹ sì lè dúró síta tí ẹ bá rí i pé ojú yín ń tì í.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò àti téèpù wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kí ó mú baálé rẹ̀ wá, mi ò ní gba owó. Mo ti fi aṣọ gé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó máa rí wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, èlùbọ́ ni wọ́n wá rà.